Ẹ máa wo ámítà: bí a ṣe ń mú páìpù nano hù lójú irin Ti-6Al-4V

Títáníọ̀mù ló pọ̀ jù nínú irin yìí. Alumíníọ̀mù kó ìdá 6 nínú 100, fanádíọ̀mù kó ìdá 4. Òun ni àwọn dókítà eegun ń kì bọ inú egungun itan ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ti jẹ. Torí kí eegun lè dì mọ́ ọn dáadáa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wá bá mi ní láàbù pé àwọn fẹ́ mú páìpù ọ́ksáìdì hù lójú rẹ̀. Ọ́ksáìdì ni irin tó ti so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn; nano ni pé páìpù náà kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ.

Irin náà fúnra rẹ̀ ti ní ìbòrí ọ́ksáìdì fẹ́lẹ́. Iná mànàmáná la fi ń mú un nípọn, fúlóráìdì tó wà nínú omi kẹ́míkà tí a rì í sí á sì máa gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ bó ṣe ń nípọn. Lọ́dún 1999, Zwilling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú ihò bẹ́ẹ̀ lójú irin yìí gan-an, nínú chromic acid tí wọ́n bu HF (hydrofluoric acid) sí. Ẹ má dán tiwọn wò. HF máa ń wọ awọ lọ bá eegun, ó sì lè má dunni lójú ẹsẹ̀. Ammonium fluoride ni kẹ́ ẹ lò. Òun náà kì í ṣe nǹkan eré o: ìbọ̀wọ́, awò ìdáàbòbò ojú, kí gẹ́ẹ̀lì calcium gluconate, tí a ń fi pa ibi tí fúlóráìdì bá ta sí lára, sì ti wà lórí tábìlì kẹ́ ẹ tó ṣí ìgò.

Ẹ fi sáńdípépà ha irin náà nínú omi, láti orí nọ́ńbà 400 dé 1200. Ẹ fi acetone fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ethanol. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án mọ́.

Ẹ yọ́ gíráàmù 0.33 ammonium fluoride nínú omi mílílítà 2, kẹ́ ẹ wá dà á mọ́ mílílítà 98 ethylene glycol. Ife ike ni o, torí fúlóráìdì ń jẹ gíláàsì. Ẹ má fo omi kékeré yẹn dá, inú rẹ̀ ni ọ́ksáìdì ti ń rí ọ́síjìn.

Ẹ ki irin wa àti gráfáìtì bọ inú omi náà. Wáyà pọ́sítíìfù lọ sára irin wa, nẹ́gátíìfù sára gráfáìtì, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 2 jìnnà síra. Ẹ gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀ dé fólìtì 40. Àwọ̀ wúrà, elésè àlùkò àti búlúù á máa kọjá lójú irin náà. Ó dùn ún wò, àmọ́ ámítà, ẹ̀rọ tó ń wọn iná tó ń ṣàn, ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́.

Bí fólìtì bá ti dúró sójú kan, iná tó ń ṣàn á já wálẹ̀ kíá: ọ́ksáìdì ti bo ojú irin. Á tún gbéra díẹ̀: fúlóráìdì ti ń ráyè gbẹ́ ihò. Lẹ́yìn náà á máa lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn páìpù ń gùn nìyẹn. Ẹni tí kò bá rí ìgbéra yẹn, kó yẹ fúlóráìdì rẹ̀ wò kó tó fi wákàtí kan ṣòfò. Èmi máa ń fi fóònù ká ámítà náà sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ tètè yọ irin náà jáde. Fúlóráìdì kì í dúró de NEPA. Á máa jẹ páìpù tó ti hù.

Lẹ́yìn wákàtí kan, ethanol ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, á rí bí afárá oyin, pẹ̀lú àwọn ibì kan tó jìn wọnú. Ibí ni wọ́n ti máa ń pariwo pé iṣẹ́ bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Oríṣi ẹ̀yà méjì ló wà nínú irin yìí, álífà àti bẹ́tà. Bẹ́tà ni fanádíọ̀mù pọ̀ sí, ọ́ksáìdì fanádíọ̀mù sì tètè ń yọ́. Ojú álífà ni kẹ́ ẹ ti wọn ìbú páìpù, kẹ́ ẹ sì jẹ́wọ́ bẹ́tà nínú ìjábọ̀ yín.

Páìpù tuntun kò tíì ní ètò kírísítálì. Wákàtí méjì nínú ìléru, ní 450°C, á sọ ọ́ di anatase, ìyẹn oríṣi kírísítálì ọ́ksáìdì títáníọ̀mù kan. Ẹ má jẹ́ kí ooru yára gòkè, kó má baà sán.

Ẹ má da omi tẹ́ ẹ lò tán sí gọ́tà, ẹ má sì bu ásíìdì sí i, HF ló máa dà. Inú kẹ́ẹ̀gì ike ni mo ti ń bu omi calcium chloride sí i, kí fúlóráìdì lè rọ̀ sísàlẹ̀. Mo máa ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti déètì sára kẹ́ẹ̀gì, kí n tó gbé e fún ẹni tó ń bójú tó ìdọ̀tí kẹ́míkà.