Bí Ẹ Ṣe Lè Gbọ́ Àwo Orin Àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ Black Sabbath Ní Àgbọ́yé

Àwo orin tí mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń gbọ́ ọ yìí kò pé ogójì ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ akérò láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, níbi tí awakọ̀ ti ń fọn fèrè tí àwọn èrò sì ń bá a fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, yóò sọ pé ariwo lásán ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tí mo sì dá a lẹ́bi, kí n tó wá mọ̀ pé ibi tí mo ti gbọ́ ọ ni ó burú. Black Sabbath ni orúkọ ẹgbẹ́ olórin náà, òun náà ni orúkọ àwo yìí, òun náà sì ni orúkọ orin tí ó ṣíwájú nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1970, ni ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ tìfun-tẹ̀dọ̀ orin rọ́ọ̀kì ni ó gbà pé inú rẹ̀ ni ẹ̀ka orin tí a ń pè ní heavy metal ti ṣẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ẹ óò fi gbọ́ ọ. Sípíkà inú fóònù kì í gbé ohùn gìtá béèsì jáde dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdajì ẹwà àwo yìí wà lọ́dọ̀ béèsì, nítorí náà ẹ lo íyápíìsì tí ó dára tàbí sípíkà tí ó tóbi díẹ̀. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fóònù máa ṣa àwọn orin náà bó ṣe wù ú, nítorí wọ́n tò ó ní ìtẹ̀léra fún ìdí kan. Ní tèmi, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò ni mo máa ń yàn, nígbà tí òjò Àkúrẹ́ bá ti ń lu páànù òrùlé tí kò sì sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn, torí pé òjò ni àwo náà fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Òjò yìí ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́, pẹ̀lú àrá, àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ń dún láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ ní sùúrù fún un. Nígbà tí gìtá bá já wọlé, ohùn mẹ́ta péré ni Tony Iommi ń ta. Ohùn ìsàlẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ohùn kejì ni ohùn kan náà tí a gbé lọ sókè, bí ìgbà tí bàbá àgbà àti ọmọdé bá jọ ń kọ orin kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ fi etí sí jùlọ, nítorí ó bọ́ sí agbedeméjì àwọn méjèèjì gẹ́lẹ́: ìṣísẹ̀ 6 (ìṣísẹ̀ kan ni àlàfo tó kéré jù láàárín ohùn méjì lórí gìtá) ni ó fi ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ìṣísẹ̀ 6 náà ni ó sì fi rẹlẹ̀ sí ti òkè. Etí àwa Yorùbá, tí a ti fi dò, rè, mí tọ́ dàgbà, máa ń retí pé ohùn àárín ni a ó fi sinmi. Èyí kò sinmi. Iommi a máa gbọ̀n ọ́n lábẹ́ ìka, a sì máa so rọ̀ níbẹ̀ láìbalẹ̀. Mo ti bẹ onílù kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí pé kí ó fi gángan sọ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi. Ó gbé ìlù náà há abíyá, ó fún ọsán rẹ̀, ó tú u, ó tún un fún, ó sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ó wá dáwọ́ dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí." N kò tíì gbọ́ àlàyé kankan nípa orin náà tí ó tó ìyẹn.

Mo mọ̀ pé orúkọ ẹgbẹ́ yìí nìkan tó láti lé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sá, àwòrán ara páálí rẹ̀, níbi tí obìnrin aláṣọ dúdú kan ti dúró níwájú ilé ọlọ olómi ní Mapledurham lẹ́bàá odò Thames, kò sì ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Fíìmù abanilẹ́rù kan tí ó jáde ní ọdún 1963 ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Geezer Butler tí ń ta béèsì, ọmọ ìjọ Àgùdà tí a bí ní Birmingham, sọ pé òun jí lóru ọjọ́ kan, òun sì rí ohun dúdú kan tí ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì òun. Ìyẹn ni ó bí orin àkọ́kọ́. Ẹ tẹ́tí sí ohun tí Ozzy Osbourne ń kọ nínú rẹ̀: ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà, Ọlọ́run ni ó sì ń ké pè pé kó gba òun. Ẹni tí ó bá ti gbàdúrà láàárín òru rí yóò mọ irú igbe bẹ́ẹ̀. Baba Ozzy, tí í ṣe oníṣẹ́ irin, tilẹ̀ fi irin rọ àgbélébùú fún wọn láti fi kọ́rùn. Kí ẹ má sì wí pé n kò sọ fún yín, Sàtánì ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú orin tí wọ́n pè ní "N.I.B.", ṣùgbọ́n ìtàn ìfẹ́ tí ó yí i lọ́kàn padà ni Butler kọ síbẹ̀. Orúkọ orin náà kò sì ní awo kankan nínú. Irùngbọ̀n Bill Ward, onílù wọn, ni wọ́n fi wé ẹnu gègé ìkọ̀wé, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní nib.

Ohun tí kò jẹ́ kí àwo yìí gbó, lójú tèmi, ni bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀. Ọjọ́ kan péré, ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1969, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ṣe é ní situdio Regent Sound ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Rodger Bain sì ń darí iṣẹ́ náà. Wọ́n dúró pọ̀, wọ́n ṣeré bí wọ́n ti ń ṣe é níwájú àwọn ènìyàn lálaalẹ́, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni a tó fi òjò àti agogo sí i. Àwọn alárìíwísí kan ní ìgbà náà bu ẹnu àtẹ́ lù ú, àmọ́ àwọn ará ìlú rà á dé ipò 8 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ipò 23 ní Amẹ́ríkà. Ẹ óò gbọ́ ààyè láàárín ohùn kan àti èkejì, ẹ óò gbọ́ ibi tí ìlù ti sáré díẹ̀ tí gìtá sì lé e bá. Bí wọ́n bá ti tún un ṣe títí tí ó fi dán, n kò rò pé à bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ní ìgbà kejì tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ yan ẹnì kan tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Butler ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ni ó dá ṣí "N.I.B.", nígbà tí gìtá bá sì dé, kì í sá sẹ́yìn bí omele, a máa bá a sọ̀rọ̀, a máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ìyáàlù. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ̀lé Ward, tí ó fi orin jáàsì kọ́ ìlù, tí ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ ju bí ẹ ti rò lọ. Nínú "The Wizard" ni Ozzy ti fọn hàmóníkà, orin ìdùnnú ni, kò sì nílò àlàyé.

Iommi ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìtàn ọwọ́ rẹ̀ ná. Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń tẹ okùn gìtá mọ́ ọrùn rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 17, ní ọjọ́ tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ páànù irin sílẹ̀, ẹ̀rọ gé orí ìka àárín àti ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún náà. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ gbé àwo Django Reinhardt fún un láti gbọ́, ẹni tí iná jó ọwọ́ rẹ̀ tí ó sì ń fi ìka méjì ta gìtá. Iommi yọ́ ike ìgò ọṣẹ ìfọwo, ó fi mọ fìlà kékeré fún ìka méjèèjì, ó lẹ awọ mọ́ ọn, ó sì wá okùn tín-ín-rín tí kò ní le jù fún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Àkúrẹ́ gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi, ó tẹ orí ìka ara rẹ̀ mọ́ etí tábìlì, ó sì bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, tí kò bá sí orí ìka, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé okùn wà lábẹ́ rẹ̀?" Etí ni ó fi ń mọ̀ ọ́n.

"Warning" ni ó kẹ́yìn àwo náà, ó sì lé ní ìṣẹ́jú 10. Ẹ má dìde. Láàárín rẹ̀, béèsì yóò dákẹ́, ìlù yóò dákẹ́, Ozzy yóò dákẹ́, yóò wá ku gìtá nìkan ṣoṣo. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀lé ìka méjì tí ó dé fìlà ike wọ̀nyẹn bí wọ́n ti ń wá okùn kiri.