Ẹ fi sítọ́kìn yẹ abẹ́ búùtù yín wò

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí rẹfirí tó yẹ búùtù bọ́ọ̀lù yín wò, ẹ ki ọwọ́ bọ sítọ́kìn obìnrin tó fẹ́lẹ́, kí ẹ fi ra eyín abẹ́ búùtù (stud, àwọn kókó tó ń di ilẹ̀ mú) lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tó bá ti kọ́ sítọ́kìn, ibẹ̀ ló máa ya ẹlòmíì lára. Ọwọ́ lásán kì í tó, torí awọ àtàǹpàkò le, kì í tètè mọ irin tín-ín-rín tó hù létí eyín. Rírìn lórí kóńkéré àti títì ọ̀dà ló ń sọ etí irin náà di abẹ, nítorí náà sílípáàsì ni kí ẹ wọ̀ dé etí pápá, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó mú díẹ̀, ẹ fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán. Ṣùgbọ́n tí irin inú eyín oníke bá ti yọ síta, ẹ má hà á rárá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ èyí tó kọjú sí i náà, torí bí ọ̀kan bá ga ju ìkejì lọ, ọrùn ẹsẹ̀ lè yí. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀, kí ẹ fi fáṣílìn díẹ̀ sí i kó má baà dípẹtà. Òfin 4 bọ́ọ̀lù, èyí tó dá lórí ohun tí agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀, ò dá iye gígùn eyín. Ohun tó bá léwu ló kọ̀. Ní ti bọ́ọ̀lù rugby, eyín kò gbọdọ̀ gùn ju 21 mm lọ. Sítọ́kìn ò lè sọ bóyá búùtù bá pápá mu o: eyín irin gígùn máa ń há sínú kóríko àtọwọ́dá, ara á yí, ẹsẹ̀ ò ní yí, orúnkún ló máa jìyà rẹ̀.