Bẹ́ ẹ ṣe máa jẹun ní hawker centre Singapore láìbá ẹnikẹ́ni jà

Ẹ gbàgbé hawker tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò ní Òjóta o. Ní Singapore, òrùlé ńlá kan ni wọ́n ń pè ní hawker centre, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ pọ̀ lábẹ́ ẹ̀ lọ jàra, tábìlì wà láàárín, ti gbogbo ayé ni, ooru sì ń mú, ẹ má retí AC.

Àyè lẹ máa kọ́kọ́ wá kẹ́ ẹ tó wá oúnjẹ. Ibí gan-an làwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á to láìnì, wọ́n á ra nudù ọlọ́bẹ̀ gbígbóná, wọ́n á wá máa gbé e káàkiri bí ẹni tó ṣìnà dé òde ìyàwó, ọbẹ̀ ń ta sí wọn lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tẹ́ ẹ bá rí páálí tíṣù kékeré lórí tábìlì tí ò séèyàn níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀fẹ́ o! Ẹnì kan ló fi gbàyè, "chope" ni wọ́n ń pè é. Bùrọ̀dá kan tí mo mú lọ sí hawker centre tí wọ́n ń pè ní Maxwell jókòó wọ̀ọ̀, ó ya tíṣù olóhun, ó fi nu òógùn, ó tún na ẹyọ kan sí mi. Ìyá àgbà kan gbé abọ́ ẹ̀ dé, kò sọ nǹkan kan, ó kàn dúró ń wò wá. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé oúnjẹ mì. Torí náà ẹ ra tíṣù tiyín, àwọn àgbàlagbà máa ń tà á kiri níbẹ̀, agboòrùn náà ṣe é fi gbàyè, àmọ́ fóònù kọ́ o, èmi ò lè fi fóònù tèmi sílẹ̀, ọmọ Èkó ni mí. Kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí tábìlì, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀, torí àwọn olóúnjẹ kan máa ń gbé oúnjẹ wá báni. Tí wọ́n bá kọ self-service, ẹ dúró gba tiyín.

Ìyókù ò le. Ẹ dé kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, káwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì má bàa kún ibẹ̀. Ẹ mú owó bébà dání. Chicken rice ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, omi adìẹ ni wọ́n fi se ìrẹsì yẹn, ó funfun lójú lásán ni, ẹ bu ata sí i. Kopi, ìyẹn kọfí wọn, ní mílíìkì àti ṣúgà, kopi-o ò ní mílíìkì, kopi-o kosong ò ní ṣúgà pàápàá, èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́ra fún tẹ́ ò bá fẹ́ ohun kíkorò.

Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ gbé tíréè yín padà. Láti September 1, 2021, òfin ni, ìkìlọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fúnni, tí wọ́n bá tún mú yín, 300 dọ́là tiwọn ń lọ nìyẹn. Ibi ìgbé-tíréè-sí tí wọ́n kọ halal sí, abọ́ tí wọ́n fi jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Tíṣù tó kù, ẹ kó o sápò jàre, ẹ ṣì máa fi gbàyè lọ́la.