Pátákó Tẹ́ẹ́rẹ́, Bàtà Líle: Bí A Ṣe Ń Tò Ó, Bí A Ṣe Ń Gùn Ún, Bí A Ṣe Ń Kó Ọmọ Lọ Sórí Yìnyín

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun snowboard, ìyẹn pátákó kan ṣoṣo tí a ń dúró lé yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yìnyín, pátákó fífẹ̀ àti bàtà rírọ̀ ni wọ́n ń lò. Èyí tí a fẹ́ sọ níbí yàtọ̀: pátákó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gan, bàtà rẹ̀ sì jẹ́ ike líle bíi ti àwọn onísíkì, tó ń fi pátákó méjì yọ̀ lórí yìnyín. Alpine ni wọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ ni Ester Ledecká ọmọ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì fi gba wúrà ní Òlíńpíìkì Pyeongchang lọ́dún 2018, níbi tó ti kọ́kọ́ fi síkì gba wúrà kan. Iṣẹ́ kan ni wọ́n dìídì ṣe é fún: kí etí pátákó wọ inú yìnyín, kó máa gé e lọ láìyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tó sábà máa ń ba ọjọ́ jẹ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-gùn. Bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu ni, tàbí ìdè bàtà, ìyẹn irin tó ń di bàtà mọ́ pátákó, tí wọn ò tò dáadáa. Nítorí náà, ilé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ṣáájú kí ẹ tó dé òkè.

Bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ẹ jẹ́ kí pátákó dúró ná. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ ti ògiri, kí ẹnìkan bá yín sàmì sí ibi tí ìka tó gùn jù dé. Iye sẹ̀ǹtímítà tó bá jẹ́, òun gan-an ni nọ́ńbà bàtà yín. Ẹsẹ̀ 26.5 ń wọ bàtà 26.5. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ lo ti èyí tó gùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ńbà kan lé e torí pé ó fún yín ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ̀ ni pé kí ẹ yọ aṣọ inú bàtà jáde, kí ẹ ti ẹsẹ̀ bọ inú ike lásán, kí ìka kan iwájú. Àlàfo tó bá kù lẹ́yìn gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìka ọwọ́ kan sí kan ààbọ̀ lọ. Bó bá gba ìka méjì ní fàlàlà, bàtà náà ti tóbi jù: gìgísẹ̀ á máa gbé sókè nínú rẹ̀, gbogbo ohun tí orúnkún bá sì ṣe, pátákó ò ní gbọ́ ọ lásìkò. Nígbà tí ẹ bá wọ aṣọ inú rẹ̀ padà, ìka yóò kan iwájú bí ẹ bá dúró gbọnrangandan, yóò sì fà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹ bá tẹ orúnkún síwájú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ wọ̀. Àwọn tó ń wọ méjì nítorí òtútù ni òtútù ń mú jù, torí ìbọ̀sẹ̀ tó wá fún pọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ìka.

Bàtà síkì kò lè rọ́pò rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù, yóò yọ kọjá etí pátákó, ó sì máa ń gan ju bó ṣe yẹ fún ẹni tó ní láti yí ara sọ́tùn-ún sósì.

Pátákó tó yẹ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ wo ìbàdí pátákó, ìyẹn ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù láàárín. Ti àwọn sárésáré máa ń wà láàárín 18 àti 20 sẹ̀ǹtímítà. Fún àgbàlagbà tó ń kọ́ ọ, 20 sí 22 ló dára, kí ó gùn tó 160 sí 170, kí òbìrí tí etí rẹ̀ ń gé sì wà ní ìwọ̀n mítà 10 sí 12 láti àárín rẹ̀ dé etí. Ẹni bá ta pátákó 185 fún yín torí pé ó pọ́ọ́kú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Eré burúkú ni irú ìyẹn ń fẹ́ kó tó yí, ojú ọ̀nà tí ọmọdé wà kò sì gba irú eré bẹ́ẹ̀.

Tókùnbọ̀ pọ̀ nínú ẹrù yìí, kò sì burú. Ẹ fi ìka tọ etí irin rẹ̀ láti orí dé ìdí, kí ẹ wá ibi tó sán. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bóyá igi àti ike ti ń ṣí kúrò lára ara wọn. Ẹ ki síkúrù M6 bọ ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ yí i: ihò tó bá ń yí tẹ̀lé síkúrù ti bàjẹ́.

Títo ìdè bàtà

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹsẹ̀ tó ń ṣíwájú. Kí ẹnìkan rọra tì yín lẹ́yìn láìsọ fún yín. Ẹsẹ̀ tí ẹ bá fi dá ara dúró ló sábà máa ń jẹ́ ti iwájú.

Ẹ gbé pátákó sórí tábìlì. Àlàfo láti àárín ìdè kan sí èkejì máa ń wà láàárín 45 sí 52 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí kò ga jù tí kò sì kúrú jù lè bẹ̀rẹ̀ láti 48. Lẹ́yìn náà ni igun ẹsẹ̀, ìyẹn bí bàtà ṣe yà síwájú tó kúrò ní dídábùú pátákó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi bàtà sínú ìdè, kí ẹ sì bojú wò ó láti òkè. Igun tí ẹ ń wá ni èyí tí orí bàtà àti gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ní yọ kọjá etí pátákó. Lórí pátákó tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 20 pẹ̀lú bàtà 27, ó sábà máa ń bọ́ sí dìgírì 55 sí 60 fún ẹsẹ̀ iwájú. Ti ẹ̀yìn a fi 3 sí 5 dín sí i. Bí bàtà bá yọ síta, nígbà tí pátákó bá dùbúlẹ̀ dáadáa, ike á kan yìnyín, á gbé etí irin kúrò nínú ipa tó ń gé, ẹ ó sì ṣubú lójijì láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ ki ìtìlẹ́yìn tó dà ní nǹkan bíi dìgírì 3 sábẹ́ ìdè: fún ẹsẹ̀ iwájú, ìka ni kó gbé sókè, fún ti ẹ̀yìn, gìgísẹ̀ ni. Èyí ló ń jẹ́ kí orúnkún méjèèjì tẹ̀ láìfi ipá sí i.

Ìdè náà ní irin títẹ̀ méjì, ọ̀kan ń gbá gìgísẹ̀ mú, èkejì ń tì níwájú. Ẹ fa wọn sún mọ́ ara wọn títí tí ti iwájú fi máa ń gba àtẹ́lẹwọ́ kó tó tì. Èyí tí ìka kan lè tì ti dẹ̀ jù. Èyí tó ń fẹ́ kí ẹ gbá a ní ẹsẹ̀ ti há jù. Síkúrù mẹ́rin ló ń di ìdè kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ dì wọ́n ní ìkọjúsíra, kì í ṣe ní títẹ̀lé ara wọn, kí ẹ sì tún dán wọn wò lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ lójúmọ́, torí gbígbọ̀n pátákó máa ń tú wọn. Kí síkúdíráfà kékeré má wọ́n nínú àpò yín.

Gígùn ún

Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, nígbà tí ọ̀nà tí ẹ̀rọ tẹ́ lóru ṣì wà ní títẹ́. Ẹ wá ibi tó fẹ̀, tó sì rọra dà. Ẹ ṣọ́ àmì o: ní Austria, búlúù ni ọ̀nà tó rọrùn jù, ní Amẹ́ríkà, òbìrí aláwọ̀ ewé ló rọrùn jù, búlúù ti di ti àárín.

Ẹ gba ìbú òkè kọjá, ẹ má dorí kọ ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ pátákó sí etí ìka ẹsẹ̀: orúnkún síwájú, ojúgun lára ahọ́n bàtà, ìbàdí súnmọ́ yìnyín, ẹ̀yìn sì nà. Ẹ mú sùúrù, kí ẹ má yí i. Bí ó bá ti dùbúlẹ̀ dáadáa, òun fúnra rẹ̀ á yí lọ sókè, á sì dúró. Ẹ wá bojú wẹ̀yìn wo ipa tó fi sílẹ̀. Bí ó bá rí fínínfínín bí ìlà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà, ó gé. Bí ó bá fẹ̀ tí yìnyín sì fọ́n ká, ó yọ̀. Nígbà tó bá yọ̀, ẹ wádìí nǹkan méjì: bóyá èjìká ti yí ṣáájú pátákó, tàbí bóyá gbogbo ara ti wúwo sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ ṣe bákan náà ní etí gìgísẹ̀, kí ọwọ́ iwájú nà sí ibi tí ẹ ń lọ. Bí ọwọ́ yẹn bá rọ̀ sẹ́yìn, ìdí yín á jáde kọjá pátákó, etí á sì máa gbọ̀n gbígbọ̀n, kò ní gé.

Ìgbà tí ẹ bá ti ní ìlà tín-ín-rín lápá méjèèjì ni kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Àṣírí rẹ̀ ni pé etí tuntun gbọ́dọ̀ ti wọ yìnyín kí imú pátákó tó dojú kọ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó yí etí padà, eré á ti kún rẹ̀ lọ́wọ́, etí á sì já. Bí pátákó bá ṣe dùbúlẹ̀ tó ni òbìrí rẹ̀ á ṣe kéré tó: èyí tó jẹ́ mítà 10 lè sún mọ́ 5 bó bá dà tó dìgírì 60. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dín eré kù, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ sí i, kí ẹ sì parí òbìrí náà, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun òkè.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni nínawọ́ kan yìnyín. Fọ́tò rẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ ìgbáròkó kí ọwọ́ lè dé ilẹ̀ ń gbé ìwúwo ara rẹ̀ kúrò lórí etí. Ilẹ̀ ló yẹ kó wá bá ọwọ́. Lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bàtà: bí ẹ bá rí ibi tí ike ti ha funfun, bàtà ń kan yìnyín, ẹ fi dìgírì 3 kún igun rẹ̀.

Ìdè yìí kì í tú bí ẹ bá ṣubú. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú ìdè sọ ọ̀nà tó dà kalẹ̀, orúnkún lè yí. Níbi lífítì, ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè, nìkan ni ẹ ti ń yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìdè ẹ̀yìn nígbà tí ẹ bá ń bọ́ sílẹ̀.

Bí ìdílé bá wà níbẹ̀

Òfin mẹ́wàá ni FIS, àjọ eré síkì àti snowboard àgbáyé, fi lélẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wà lórí òkè. Ìkẹta ní kí ẹni tó wà lẹ́yìn ṣọ́ ẹni tó wà níwájú. Ìkarùn-ún ní kí ẹni tó fẹ́ gbéra, tó ń wọ ojú ọ̀nà, tàbí tó ń lọ sókè kọ́kọ́ wo òkè àti ìsàlẹ̀. Èyí kàn wá gan-an, torí òbìrí wa máa ń gba gbogbo ìbú ọ̀nà, ó sì máa ń kọjú sókè nígbà mìíràn, ohun tí onísíkì tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò retí. Ẹ máa bojú wẹ̀yìn kí ẹ tó bọ́ sí etí gìgísẹ̀, torí apá ibẹ̀ ni ojú kò tó.

Ẹ pín àárọ̀. Kí bàbá lọ fi wákàtí àkọ́kọ́ gé yìnyín, kí ìyá wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, lọ́jọ́ kejì kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ojú ọ̀nà ti rí kúlúkúlú, kò sì sí ohun tí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ lè ṣe níbẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni kí gbogbo ilé jọ máa lọ: àgbà kan níwájú, àgbà kan lẹ́yìn, ọmọ láàárín. Etí ọ̀nà ni kí ẹ máa dúró sí, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ lókè ti lè rí yín, ẹ má dúró sábẹ́ gegele.

Bàtà rírọ̀ ni kí ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀, kí pátákó rẹ̀ ga dé àárín àyà àti àgbọ̀n. Gbogbo wa la mọ àṣà kí á ra bàtà tí ọmọ yóò dàgbà bá. Lórí yìnyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ yá a fún sáà kan, kí ẹ dá a padà. Ẹ̀yin tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lo ilé tí wọ́n ṣe ọ̀nà yìnyín sínú rẹ̀, bíi ti Milton Keynes, tí ọ̀nà rẹ̀ gùn ní mítà 170, fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ọmọ. Kò fẹ̀ tó fún alpine.

Àṣíborí: ẹ wá àmì EN 1077 tàbí ASTM F2040 nínú rẹ̀. Irun ọmọbìnrin ṣe pàtàkì níbí. Ṣùkú á gbé àṣíborí sókè, iwájú orí á wà ní gbangba. Kòlẹ́sẹ̀ tó tẹ́ mọ́ orí, tó parí sí ìpàkọ́, ló bá a mu. Ẹ di irun náà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa wọn àṣíborí. Ẹ fi òrí pa ètè nítorí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n òrí kì í dá oòrùn dúró: ẹ fi ìpara SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pa ojú, awọ dúdú pẹ̀lú. Aṣọ tó kan ara kò gbọdọ̀ jẹ́ òwú, torí bó bá ti mu òógùn, kì í gbẹ. Ẹ̀yin tó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ ra ìbánigbófò tó kan eré yìnyín. Káàdì GHIC, tí ìjọba ibẹ̀ ń fúnni fún ìtọ́jú ìṣègùn lókè òkun, kò san owó àwọn tó ń gbéni lórí òkè.

Ní ìrọ̀lẹ́

Ẹ nu etí irin gbẹ kí ìpata má baà mú un. Bó bá ti ń yọ̀ lórí ibi tó dì gan-an, ẹ fi fáìlì lọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí dìgírì 88. Ẹ fa aṣọ inú bàtà jáde, kó gbẹ nínú yàrá, kó má sún mọ́ iná. Ẹ ti ìkọ́ ike náà díẹ̀ kó má baà ya. Ẹ má fi bàtà sùn nínú ọkọ̀: ike tó ti tutù mọ́jú kì í gbọ́ràn, ẹ ó sì jà dé wákàtí tó yẹ kí ẹ ti wà lórí òkè.