Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè bá pawọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ èédú

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iná mànàmáná tí gbogbo ayé ń lò ló ṣì ń ti ara èédú wá. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí bí a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ iná tí kò ní ba ayé jẹ́ ká fo èédú dá, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó lè dá ọ̀rọ̀ náà yanjú. Àmọ́ àjọṣe lórí èédú ní àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀, ibì kan náà ni wọ́n sì ń ṣubú sí léraléra.

Kí n tó lọ jìnnà, èédú tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi igi sun. Èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni. Orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu wa, ó sì máa ń da ìròyìn rú. Èédú ilẹ̀ pàápàá pín sí méjì: èyí tí wọ́n ń sun láti fi pèsè iná, àti èyí tí wọ́n fi ń yọ irin. Àdéhùn tó dá lórí èkíní lè má kan èkejì rárá.

Má ṣe ka ìlérí sí owó ọwọ́

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, níbi COP26, ìpàdé àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́ tó wáyé ní Glasgow ní Scotland, ilẹ̀ Faransé, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣèlérí bílíọ̀nù 8.5 dọ́là fún Gúúsù Áfíríkà kó lè máa kúrò lórí èédú díẹ̀díẹ̀. Ariwo ta, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n tú ìṣirò rẹ̀ síta lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó ọ̀fẹ́ inú rẹ̀ kò tó ìdá 5 nínú 100. Ẹ̀yáwó ló pọ̀ jù nínú ìyókù.

Ẹ̀yáwó kò burú. Bí wọ́n bá fi kọ́ ibùdó iná oòrùn, iná tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ni yóò san gbèsè náà. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi kọ́ awakùsà ẹni ọdún 50 níṣẹ́ tuntun ńkọ́? Kí ni wọn yóò tà láti san án padà? Irú ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí owó ọ̀fẹ́ wọlé sí, ibẹ̀ sì ni kì í tó.

Ẹni tó ṣèlérí náà lè yí ohùn padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Amẹ́ríkà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àdéhùn ti Gúúsù Áfíríkà, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú irú rẹ̀ tó bá Indonesia àti Vietnam ṣe. Kí orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kúrò, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Má ṣe pa ẹ̀rọ kí o tó pèsè ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wo Komati. Ibùdó iná èédú ni ní Mpumalanga, ní Gúúsù Áfíríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí 1961. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n pa ẹ̀rọ tó kù níbẹ̀. Inú oṣù kọkànlá ni Báńkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí mílíọ̀nù 497 dọ́là láti tú ibẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n sì gbé iná oòrùn, iná afẹ́fẹ́ àti bátìrì síbẹ̀. Ẹ wo bí ọjọ́ méjèèjì ṣe tẹ̀ léra: ẹ̀rọ ti kú kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé iléeṣẹ́ rí ibòmíràn lọ. Àmọ́ ibùdó iná kò mọ sórí àwọn yẹn. Awakọ̀ tó ń kó èédú wá, ọmọ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹni tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, ẹni tó ń gba owó yàrá lọ́wọ́ àwọn àlejò, gbogbo wọn ló ń jẹ lára ẹ̀rọ yẹn, ìwé owó oṣù iléeṣẹ́ náà kò sì mọ̀ wọ́n. Ó dùn mí pé kíkà wọn kò nira. Kí wọ́n rán ènìyàn sí àdúgbò náà ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà tún wà níbẹ̀. Níbi tí iná bá jẹ́ 50 hertz (tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tọ́báìnì èédú, ẹ̀rọ tó ń yí láti mú iná jáde, sábà máa ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Irin ńlá tó ń yí yẹn, ìwúwo rẹ̀ ló ń di gíríìdì (àwọn wáyà tó ń gbé iná káàkiri) mú nígbà tí nǹkan bá já lójijì. Bí wọ́n bá yọ ọ́ láìfi bátìrì tàbí ẹ̀rọ ìmúdúró mìíràn sípò, iná yóò máa ṣẹ́jú, àwọn aráàlú yóò sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru iná oòrùn.

Má ṣe fi ojú fo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Ní wákàtí tó kẹ́yìn ní Glasgow, Íńdíà ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìwé ìpàdé. "Fífòpin sí" èédú di "dídín" in kù. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èédú "tí a kò dá èéfín rẹ̀ dúró" ni wọ́n sì kọ síbẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ní òun yóò máa mú èéfín náà rì sínú ilẹ̀ ti rí ọ̀nà gbà. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́: ibùdó iná èédú Boundary Dam ní Kánádà ti ń ṣe é láti 2014. Ṣùgbọ́n ní ibùdó iná Kemper, ní Mississippi ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe irú rẹ̀, iye tí wọ́n dá lé e kò tó bílíọ̀nù 3 dọ́là, ó gòkè kọjá 7, wọ́n sì pa ti èédú tì ní 2017. Má ṣe gbé ètò orílẹ̀-èdè ka orí ohun tí kò tíì dájú tó bẹ́ẹ̀.

Má ṣe ka kìkì èédú tó wà lórí gíríìdì

Nínú ètò tí Indonesia gbé jáde ní 2023, àwọn ibùdó èédú tí àwọn tó ń yọ irin níkẹ́ẹ̀lì kọ́ fún ara wọn, tí kò sí lórí gíríìdì, kò sí nínú ìṣirò. Èéfín wọn kò mọ̀ pé òun kò sí nínú ètò.

Má ṣe gbàgbé ihò tí wọ́n ti pa

Gáàsì methane wà nínú èédú látìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tó ìdá 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibi ìwakùsà, iná kékeré kan lè mú un bú gbàù. Láàárín 20 ọdún, ó ń mú ayé gbóná ju ìwọ̀n carbon dioxide (gáàsì inú èéfín èédú) kan náà lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 80. Láti 2010 ni UNECE, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí bí a ṣe ń fà á jáde kí ó tó pa awakùsà, bí a sì ṣe lè fi í pèsè iná. Nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ihò, gáàsì náà lè máa jò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i: ta ni yóò máa wọ̀n ọ́n, fún ọdún mélòó, owó ta sì ni.