Bẹ́ ẹ ṣe lè fi fẹ́ǹsì àti fóònù ṣe àyẹ̀wò tí Jocelyn Bell fi mọ̀ pé ojú ọ̀run ni nǹkan tó rí ti ń wá

Ohun tẹ́ ẹ máa wá sílẹ̀ ò pọ̀ rárá: fóònù tí aago ẹ̀ ń gba àkókò látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀, bírò àti bébà, páálí kékeré kan tẹ́ ẹ máa dá ihò sí, àti orí fẹ́ǹsì tàbí òrùlé kan tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí, ó parí. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa rí i pé ojoojúmọ́ ni ìràwọ̀ ń fi bí ìṣẹ́jú 4 tètè wọ̀ ju ti àná lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ máa ti fojú ara yín rí nǹkan tí ọmọbìnrin ẹni ọdún 24 kan dì mú ní Cambridge lọ́dún 1967, tó fi dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ nígbà táwọn ọ̀gá ń sọ pé ariwo lásán ló ń rí.

Jocelyn Bell ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, sítúdẹ́ǹtì tó ń kọ́ nípa ìràwọ̀ ni, ó lọ́kọ ní 1968 ni Burnell fi tẹ̀ lé e. Lurgan ní Northern Ireland ni wọ́n ti bí i ní 1943. Ó fèèlì ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lọ́mọ ọdún 11 láti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, kódà nílé ìwé tó wà, ńṣe ni wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ní káwọn ọmọbìnrin lọ kọ́ iṣẹ́ ilé, àfìgbà táwọn òbí ẹ̀ lọ bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó dé yunifásítì Glasgow, òun nìkan lobìnrin ní kíláàsì físíìsì ẹ̀, tó bá ti ń wọlé báyìí àwọn ọkùnrin á máa súfèé, wọ́n á máa fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n á máa gbá tábìlì. Ẹ fojú inú wò ó, ní gbogbo ìgbà tó bá wọ kíláàsì o.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa lápá ìwọ̀ oòrùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá orí fẹ́ǹsì yín, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ó ń ṣẹ́jú. Èyí tí ò bá ṣẹ́jú, tó kàn ranjú mọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀, kì í ṣe ìràwọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ayé míì tó ń yí oòrùn ká bíi tiwa ni. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé tóńtó bí imú abẹ́rẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ rí, afẹ́fẹ́ òkè sì ń tì í síbí tì í sọ́hùn-ún, òun ló ń ṣẹ́jú yẹn.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ torí mo ti ṣe àṣìṣe ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú, èyí tó mọ́lẹ̀ jù ni mo mú, mo ní kí ló tún kù, àṣé Àgùàlà ni. Ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n ń sọ, Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá ẹ̀ ni. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọ aago sílẹ̀, aago kan náà ló ń wọ ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ṣáá, bí ẹni tún máa pẹ́ sí i ni. Mo ti fẹ́ sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa.

Ibi tójú yín máa wà ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi bírò dá ihò kékeré sí páálí yẹn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin fèrèsé kó le dáadáa, gbogbo alẹ́ ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbójú sí ihò yẹn kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ má sọ pé ẹ máa rántí ibi tẹ́ ẹ jókòó sí o. Tí fẹ́ǹsì yín bá jìnnà tó mítà 10, tójú yín wá fi sẹ̀ǹtímítà 5 péré yẹ̀ láàárín àná sí òní, ó ti lé ní ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ fi ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 4 péré là ń wá. Tí fẹ́ǹsì bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ó tún dáa sí i. Tí wọ́n bá múná lọ, ẹ má bínú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìgbà yẹn gan-an lẹ máa ríran jù.

Ẹ máa wo ìràwọ̀ náà bó ṣe ń sún mọ́ etí fẹ́ǹsì. Kò ní rọra wọlé bí oòrùn o, pẹ́n báyìí ló máa lọ. Bó ṣe lọ yẹn, ẹ wo fóònù, ẹ kọ wákàtí, ìṣẹ́jú àti sẹ́kọ́ǹdù. Lọ́la ẹ tún ṣe é, tí kùrukùru bá bò ó ẹ fo ọjọ́ yẹn, kò ba nǹkan jẹ́, ẹ ṣáà ti kọ déètì sí i. Tèmi rèé: alẹ́ àkọ́kọ́, aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 14 àti sẹ́kọ́ǹdù 20. Lẹ́yìn ọjọ́ 4, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 58 àti sẹ́kọ́ǹdù 30. Nígbà tó pé ọjọ́ 7, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 46 àti sẹ́kọ́ǹdù 50. Ẹ yọ ti ìkẹyìn kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 27 ààbọ̀ ló kù, ẹ wá pín in sí 7. Ó máa fún yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ǹdù 56 lóòjọ́. Ariwo tí mo pa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ará ilé rò pé mo jẹ tẹ́tẹ́ ni.

Ohun tó fà á ò le. Oòrùn la fi ń wọn wákàtí 24 tá à ń lò. Ṣùgbọ́n bí ayé ṣe ń pòyì lójú kan náà ló ń rìn yí oòrùn ká, kó tó pòyì tán ó ti sún síwájú díẹ̀, ó ní láti fi bí ìṣẹ́jú 4 kún un kó tó tún kojú sí oòrùn. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé sísún yẹn ò kàn án. Nítorí náà nǹkan téèyàn bá ń ṣe ń tẹ̀ lé aago: mọ́tò tó ń kọjá, ẹ̀rọ tí wọ́n ń tàn láàárọ̀, iléeṣẹ́ rédíò. Nǹkan ojú ọ̀run tó jìnnà bí ìràwọ̀ á fi ìṣẹ́jú 4 ṣíwájú aago wa lójoojúmọ́.

Ibẹ̀ ni Jocelyn ti wọlé. Òun àtàwọn mélòó kan ló fi ọdún 2 fọwọ́ ara wọn kọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ìlú Cambridge, òpó tó lé ní 1,000, àntẹ́nà 2,048, wáyà tó tó máìlì 120, gbogbo ẹ̀ lórí ilẹ̀ éékà 4 ààbọ̀. Kó tó parí ó ti mọ òòlù ńlá jù bíi kápẹ́ńtà. Quasar ni wọ́n ń wá, ìyẹn àwọn nǹkan tó jìnnà réré lójú ọ̀run tó ń tú ìgbì rédíò jáde, àwọn náà ń ṣẹ́jú bí ìràwọ̀, àmọ́ rédíò ni wọ́n fi ń ṣẹ́jú, atẹ́gùn tó ń fẹ́ jáde lára oòrùn ló sì ń mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń fa ilà sórí bébà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 96 lóòjọ́, ọjọ́ 4 ló fi ń wo ojú ọ̀run ẹ̀ yípo, ẹsẹ̀ bàtà 400 nìyẹn, ojú lásán ló sì fi ń kà á, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Nínú 400 yẹn, ibì kan wà tí ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì kan lọ tó rí jágbajàgba, kò jọ quasar, kò jọ ariwo mọ́tò. Òru ló sì ń yọ, nígbà tí quasar kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú. Ẹlòmíì á ní ó kéré, á yí bébà lọ. Òun rántí pé òun ti rí irú ẹ̀ rí, ó padà lọ tú bébà àtẹ̀yìnwá, ló bá rí i pé ibì kan náà lójú ọ̀run ni, ìṣẹ́jú 4 tẹ́ ẹ wọ̀n lórí fẹ́ǹsì yẹn ni nǹkan náà ń tẹ̀ lé.

Wọ́n ní kó jẹ́ kí bébà sáré kọjá lábẹ́ bírò, kí wọ́n lè rí i dáadáa. Gbogbo November ló ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, nǹkan náà ò yọjú. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó sá lọ gbọ́ lẹ́kíṣọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ló yọjú! Ọjọ́ 28 November ló tó mú un: tọ́, tọ́, tọ́, ìkan ní sẹ́kọ́ǹdù 1.33. Ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń ṣe, ẹ tan aago sẹ́kọ́ǹdù orí fóònù yín kẹ́ ẹ máa fìka kan tábìlì, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín sẹ́kọ́ǹdù 13 àti díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa, bí 45 ló máa jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Nǹkan ojú ọ̀run wo ló ń yára bẹ́ẹ̀? Ó fóònù Antony Hewish ọ̀gá ẹ̀, ìyẹn ní èèyàn ló ń ṣe é, kò sí àní-àní.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tí ò yé yín. Ṣé rédà tó lu òṣùpá tó padà wá ni? Rárá. Ṣé sátẹ́láìtì ni? Rárá. Ṣé ilé ńlá onípáànù tó wà nítòsí ẹ̀rọ ni? Rárá. Àwọn awòràwọ̀ míì náà ń tẹ̀ lé ìṣẹ́jú 4 yẹn, nítorí náà Hewish kọ̀wé sí wọn bóyá àwọn ni, gbogbo wọn ní àwọn kọ́. Ẹ̀rọ míì tún gbọ́ ọ, kì í ṣe wáyà tiwọn ló bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé èèyàn kéékèèké aláwọ̀ ewé ló ń pè wá, inú Jocelyn ò tiẹ̀ dùn, ó ní òun ń wá PhD òun jẹ́jẹ́, wọ́n wá yan àntẹ́nà òun. Àfi nígbà tó rí ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ 21 December, lápá ibòmíì pátápátá. Òru ló lọ síbẹ̀, òtútù ti mú ẹ̀rọ kò fẹ́ ṣiṣẹ́, ó fẹ́ èémí gbígbóná sí i, ó ṣépè fún un, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 péré. Ó tó. Kò lè jẹ́ pé ìlú aláwọ̀ ewé méjì ló ń pè wá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lẹ́yìn náà, pulsar, ara ìràwọ̀ tó ti kú tó ṣù jọ tó ń pòyì.

February 1968 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn oníròyìn bi ọ̀gá ní ìbéèrè sáyẹ́ǹsì, wọ́n bi òun ní iye bọ́ìfúrẹ́ǹdì tó ní. Ní 1974 wọ́n fún Hewish àti Martin Ryle, awòràwọ̀ míì ní Cambridge, ní ẹ̀bùn Nobel, wọn ò fún Jocelyn. Òun fúnra ẹ̀ ní Nobel ò yẹ fún sítúdẹ́ǹtì tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ àrà ọ̀tọ̀, èmi ò gbà fún un níbẹ̀ yẹn o, tí èyí ò bá ṣe àrà ọ̀tọ̀ kí ló tún kù? Nígbà tí wọ́n wá fún un ní mílíọ̀nù 3 dọ́là ní 2018, gbogbo ẹ̀ ló fi ṣe skọ́láṣíìpù físíìsì fáwọn irú èèyàn tí kì í sábà ríbi wọlé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ibi tó ti rí i: níbẹ̀rẹ̀ September, bí aago 8 ààbọ̀ sí 9 alẹ́, tójò bá gbà fún yín, ẹ wòkè. Ẹ wá Vega àti Altair, áàpù ìràwọ̀ orí fóònù máa fi wọ́n hàn yín. Ẹ fi ojú fa ilà láti Vega lọ bá Altair, tẹ́ ẹ bá kọjá ìdajì díẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ ò ní rí nǹkan kan, dúdú ló wà níbẹ̀. Ẹ fìka kan tábìlì bí mo ṣe sọ yẹn, kẹ́ ẹ máa wo ibẹ̀.