Bí A Ṣe Ń To Láàbù Kọ̀ǹpútà Sínú Ilé: Ẹ Ṣírò Iná Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé sáfà náà wọlé, ọjọ́ Sátidé ni mo tàn án. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ìyàwó mi ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ nítorí ariwo rẹ̀, ó ní, "Bàbá Dámi, ṣé hẹlikọ́pítà lẹ rà ni?" N kò rí èsì fọ̀. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn. Tèmi jẹ́ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ pẹlẹbẹ gígùn kan, irú èyí tí àwọn báǹkì máa ń tò léra wọn nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi. Kọ́ọ̀ 12, ìyẹn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣíìpù, ló ní, RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 64GB, owó rẹ̀ kò sì tó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè ìdí tí nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ fi pọ́ọ́kú. Ìkánjú kò jẹ́ kí n bèèrè.

Láàbù ni mo ń wá: igun kan nínú ilé tí mo ti lè kọ́ iṣẹ́ sáfà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí mo lè da nǹkan rú kí n sì tún un ṣe, láìsí ọ̀gá kankan tí yóò jágbe mọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fi ra gbogbo ohun tí mo rò pé mo nílò. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń tà, tí mo ń tún rà, tí mo ń tún tò. Ìbàdàn ni mo ń gbé, nítorí náà ẹni tí iná ìjọba ń wá tó ń lọ nílé rẹ̀ ni mo ń kọ èyí sí. Bí mo ṣe máa ṣe é bí mo bá tún ń bẹ̀rẹ̀ lónìí nìyí.

1. Ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀

"Mo fẹ́ kọ́ Linux", ìyẹn ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ sáfà, kò tó. Kò sí ọjọ́ tí ẹ máa mọ̀ pé ẹ ti parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí báyìí: "Mo fẹ́ kí sáfà kan máa tọ́jú fọ́tò gbogbo ará ilé." Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ará ilé á sì mọ ohun tí owó bá lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ má tíì lọ sọ́jà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹ ní, bí RAM rẹ̀ bá ti tó 8GB, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé VirtualBox sí i, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ dá kọ̀ǹpútà méjì sínú rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní VM, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní RAM 1GB, kí ẹ sì gbé Debian, ọ̀kan lára irú Linux, èyí tí kò ní ojú ìwòran, sórí wọn. Ẹ lo oṣù kan lórí èyí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ẹ kò nílò láàbù kankan rárá. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n báyìí ju ìgbà tí owó bá ti jáde lápò lọ.

2. Iná ni ẹ kọ́kọ́ máa rà

Ibí ni mo ti jìyà jù. Mo ra mítà kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti mọ wọ́ọ̀tì tí ẹ̀rọ ń jẹ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ti ra sáfà ni mo tó rà á. Ó fi hàn pé sáfà náà ń jẹ 200 wọ́ọ̀tì nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 200 wọ́ọ̀tì fún wákàtí 24 jẹ́ yúníìtì 4.8 lójúmọ́, ìyẹn 144 fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná sọ owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí iná ń wà fún jù, di ₦225 fún yúníìtì kan, ohun tí sáfà mi nìkan yóò jẹ lóṣù jẹ́ ₦32,400. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ 15 wọ́ọ̀tì kò ní ju yúníìtì 10.8 lọ, ₦2,430. Owó iná yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò, ó sì ń yí padà, ẹ fi iye tí ẹ ń san báyìí rọ́pò ₦225 yẹn.

Èyí tó tún wá le ni ti ìgbà tí iná bá lọ. Bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ 12V, 200Ah, wọ́ọ̀tì-wákàtí 2,400 ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi, ẹ má ṣe fà á kọjá ìdajì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Ó ku 1,200. Sáfà mi á gbé e mì ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, fáànù àti gílóòbù inú ilé kò sì tíì jẹun. Kọ̀ǹpútà kékeré yẹn á lo ọjọ́ méjì lórí rẹ̀, bí a tilẹ̀ yọ ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò.

Ẹni tó bá ń ronú pé òun máa fi jẹnẹrétọ̀ gbé láàbù, kí onítọ̀hún lọ wo iye tí wọ́n ń ta epo kó tó padà wá ka ìyókù.

3. Ẹ ra kékeré, kí ẹ sì dán an wò lójú ẹni tó ń tà á

Ẹ wá àwọn kọ̀ǹpútà tó rí bí ìwé ńlá, tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ń pa tì lẹ́yìn ọdún mélòó kan: Lenovo ThinkCentre Tiny, HP EliteDesk Mini, Dell OptiPlex Micro. Ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ ṣíìpù rẹ̀. Bó bá jẹ́ T, bíi i5-8500T, ẹbí 35 wọ́ọ̀tì ni, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, iná tó ń jẹ kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣíìpù yẹn ní kọ́ọ̀ mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́fà kò tó méjìlá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo sáfà mi dáadáa, méjì péré nínú méjìlá ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn yòókù ń jókòó jẹun ni.

Bí ẹ bá ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ibi yòówù tí ẹ ti ń rà, ẹ mú fláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ dání. Ẹ fi tan ẹ̀rọ náà níbẹ̀. Ẹ wọ inú BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ dìde bí ẹ̀rọ bá tàn: bó bá béèrè pásíwọọ̀dù tí olùtajà kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni, wọn kò tú u. Ẹ rí i pé ibi tí wọ́n ń tan VT-x wà níbẹ̀, nítorí òun ni VM máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ bèèrè ṣájà tó bá a wá gan-an, torí àwọn ẹ̀rọ kan máa ń dín iyára wọn kù bí wọn kò bá dá ṣájà mọ̀.

Ní ti háàdì dísìkì, ẹ tẹ àṣẹ smartctl -a /dev/sda nínú Linux, kí ẹ wá ìlà méjì. Power_On_Hours máa sọ wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́, ẹ sì rántí pé wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Reallocated_Sector_Ct, iye ibi tó ti bàjẹ́ lórí dísìkì, gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 ní òpin ìlà rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ 0, ẹ má dúnàá-dúrà rárá, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

RAM wá ńkọ́? Nígbà tí mo pinnu láti pa sáfà tì, mo rò pé mo gbọ́n: mo ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, mo ní màá yọ 64GB inú sáfà sínú rẹ̀. Ó wọlé dáadáa. Ẹ̀rọ kò tàn. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ń bú ẹ̀rọ kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sára RAM náà. Bí ẹ bá rí R nínú orúkọ rẹ̀, bíi PC4-2400T-R, ti sáfà ni. U ni ti orí tábìlì. S ni ti alágbèéká àti ti àwọn kékeré tí mo dárúkọ yìí. Lẹ́tà kan ṣoṣo.

4. Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa. Àkókò ọyẹ́ ni ẹ máa mọ̀ bí eruku ṣe pọ̀ tó nínú ilé yín. Mo máa ń ṣí tèmi ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì kíkùn rírọ̀ gbá a. Ẹ pe oníná kó wá wo áàtì ilé yín, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí a ń háyà, ihò áàtì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀. UPS, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gba iná mú, kékeré tó jẹ́ 650VA tó fún ẹ̀rọ yìí. Kì í ṣe kó gbé e fún wákàtí púpọ̀, kó ṣáà gbà á mú láàárín ìgbà tí iná ìjọba lọ sí ìgbà tí ínfátà gbà á.

5. Ẹ má fọwọ́ kan íntánẹ́ẹ̀tì ará ilé

Mo dá sáfà DHCP sílẹ̀ lórí láàbù mi láti fi kọ́ṣẹ́. DHCP ló ń fún fóònù àti kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì. Ráútà ilé ti ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, mo wá fi ẹlẹ́ẹ̀kejì kún un lórí wáyà kan náà. Fóònù àwọn kan gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ráútà, ti àwọn mìíràn gbà á lọ́wọ́ mi, èyí tí mo sì ń fún wọn kò mọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Màmá mi ń bá àbúrò mi tó wà ní Peckham sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp nígbà náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó pè mí: "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo tún fọwọ́ kàn?"

Ẹ jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàbù dá wà. Nínú Proxmox, ètò tó ń dá VM sílẹ̀ tó sì ń darí wọn, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, ẹ dá bíríìjì kan, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ẹ̀rọ, tí kò so mọ́ wáyà kankan níta, kí gbogbo VM ìkọ́ṣẹ́ wà lórí rẹ̀, kí OPNsense (ètò ráútà) kan ṣoṣo sì dúró bí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà láàárín òun àti ilé. Ní ti àdírẹ́sì, ẹ má lo 192.168.0 tàbí 192.168.1, torí àwọn ni ráútà tó pọ̀ jù ń lò. Ẹ mú bíi 192.168.50. Bí ẹ bá wà nílé ọ̀rẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ láàbù láti ibẹ̀, àdírẹ́sì kò ní kọlu ara wọn.

6. Ẹ gbé Proxmox sórí rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí kò le. Proxmox VE jẹ́ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Vienna, orílẹ̀-èdè Austria, orí Debian ni wọ́n kọ́ ọ lé, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ kọ ọ́ sórí fláàṣì, ẹ tẹ̀lé ohun tó bá béèrè, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó ti parí. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá wọlé, á sọ fún yín pé ẹ kò sanwó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ ṣáà yí ibi tó ti ń mú àfikún sí no-subscription.

Dátà wọ́n, ẹ kò sì ní fẹ́ kí VM márùn-ún máa fa fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ gbé apt-cacher-ng, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì tí Debian bá fà, sórí ọ̀kan nínú wọn. VM tó bá kọ́kọ́ béèrè á mú kó fà á láti ìta, àwọn yòókù á gba ẹ̀dà tó ti tọ́jú.

7. Ẹ̀dà, kí fọ́tò tó wọ ibẹ̀

Mo pa dísìkì méjì pọ̀ sí RAID 0, tó ń pín fáìlì sórí méjèèjì, nítorí iyára. Ọ̀kan kú, ohun tó wà lórí méjèèjì bá a lọ, pẹ̀lú fọ́tò ìkómọ Dámi. Àbúrò mi tó wà ní Peckham yẹn náà ló ní ẹ̀dà lórí fóònù rẹ̀, òun ló kó mi yọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

RAID 1, tó ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjèèjì, sàn jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dà: ohun tí ẹ bá fi àṣìṣe pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti pa rẹ́ lórí èkejì lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé yẹn. Tèmi wà lórí dísìkì USB nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà ọdún. Kí ẹ sì dá ẹ̀dà kan padà sórí VM tuntun, kí ẹ rí i pé ó ṣí. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí, àdúrà lásán ni.

8. Wíwọlé láti ìta

Ẹ wo àdírẹ́sì tí ráútà yín gbà láti ìta. Bó bá bọ́ sáàárín 100.64 sí 100.127, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan, kò sí ilẹ̀kùn tí ẹ máa ṣí lórí ráútà tí yóò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn kí n tó mọ̀. Tailscale, ètò tó ń so ẹ̀rọ yín pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, máa gbé yín kọjá, ètò ìsokọ́ra tí wọ́n ń pè ní WireGuard ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kódà bí ẹ bá ní àdírẹ́sì tiyín, ẹ má ṣí ojú ewé Proxmox sí gbogbo ayé.

9. Ẹ fa wáyà yọ

Nínú BIOS, ẹ wá ibi tó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe bí iná bá lọ tó sì padà, ẹ yàn án pé kó tàn fúnra rẹ̀. Nínú Proxmox, ẹ yan VM tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde. Lẹ́yìn náà, nígbà tí kò sí iṣẹ́ pàtàkì lórí rẹ̀, tí ẹ̀dà sì ti wà níbi tó yẹ, ẹ fa wáyà iná yọ, UPS àti gbogbo rẹ̀. Ẹ ka ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dá a padà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹ máa wo ohun tí kò dìde. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé oníbébà, torí àkọsílẹ̀ tí mo tọ́jú sínú láàbù kò wúlò fún mi lọ́jọ́ tí láàbù kú.

Mo ṣe tèmi ní àárọ̀ Sátidé kan. Mo pe ìyàwó mi, mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi fa wáyà náà bí mo bá ti ka ẹẹ́ta. Ẹní ni mo tíì kà tó ti fà á.